Màmá ń wá ọ̀nà àtijáde nílé ìtọ́jú nírọ̀lẹ́, wọ́n sì tún ń wọ yàrá ẹlòmíràn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Aláṣọ, Kent

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni mo gbé tèmi dé.

Màmá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Alzheimer's ni dókítà pe irú àìsàn ìgbàgbé tó ń ṣe wọ́n. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan ní Kent níbí ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí apá mi kò ká a mọ́ nílé. Kálukú ló ní yàrá tirẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ wọ́n jọ ń lo pálọ̀, yàrá oúnjẹ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni.

Láàárọ̀, ara wọn máa ń balẹ̀. Tó bá ti ń tó aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á dìde, wọ́n á gbé báàgì kọ́ apá, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ palẹ̀ ìsọ̀ mọ́, pé ilẹ̀ ti ń ṣú, pé àwọn ọmọ ti ń bọ̀ láti iléèwé. Aṣọ ni wọ́n tà ní Dùgbẹ̀ nígbà tí agbára ṣì wà. Wọ́n á dúró ti ilẹ̀kùn àbájáde, wọ́n á máa mì ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tẹ̀ lé àlejò kan jáde. Ibùdókọ̀ ni wọ́n ti rí wọn, sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, òjò sì ń rọ̀. Kí ara mi tó balẹ̀ kúrò nínú ìyẹn, wọ́n tún wọ yàrá ìyá mìíràn lóru, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìyẹn ta jí, ẹ̀rù bà á, ó tì wọ́n ṣubú. Ọrùn ọwọ́ wọn wú.

Mánẹ́jà ti pè mí sí ìpàdé. Ohun mẹ́ta ló kà sílẹ̀: irin sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n má baà lè dìde lóru, oògùn tí yóò mú wọn rọlẹ̀, tí méjèèjì kò bá ràn án, kí n wá ibòmíràn fún wọn. Èwo ni kí n gbà, èwo ni kí n kọ̀?

Alẹ́mọ́jú, Leeds

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé àwọn àgbà, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má gba irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ẹni tí kò lè dìde fúnra rẹ̀, tó kàn lè yí ṣubú lójú oorun, ni irin wà fún. Ẹni tó lè rìn bíi màmá, ńṣe ni yóò gùn ún, ibi tó ga ju bẹ́ẹ̀dì lọ ni yóò sì ti já bọ́. Orí tàbí àyà sì lè há sáàárín irin àti mátírẹ́ẹ̀sì. Àwọn èèyàn ti bá a lọ.

Bẹ́ẹ̀dì tó ń sọ̀ kalẹ̀ dé ìtòsí ilẹ̀ ni kí ẹ béèrè, pẹ̀lú mátì tó ń dún sí àwọn òṣìṣẹ́ bí ẹsẹ̀ màmá bá ti kàn án. Ẹ tún béèrè ẹni tí yóò dáhùn nígbà tó bá dún. Tí òṣìṣẹ́ kò bá tó lóru, dídún lásán ni yóò máa dún.

Ní ti aago mẹ́rin yẹn, ilẹ̀ ti ń ṣú níbí ní àkókò yẹn nígbà òtútù. Láwọn ilé kan, ìgbà yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ kan ń wọ kóòtù, wọ́n ń dágbére fúnra wọn. Màmá ń wò wọ́n. Ọlọ́jà tó bá rí i tí gbogbo èèyàn ń palẹ̀ mọ́, kí ló fẹ́ dúró ṣe? Kí wọ́n tan iná kí òkùnkùn tó dé, kí wọ́n fa kọ́tìnnì, kí wọ́n máa wọ kóòtù níbi tí màmá kò ti ní rí wọn. Kí ẹnì kan sì gbé iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ ní bí aago mẹ́ta ààbọ̀, kí ara wọn tó máa gbóná. Ẹ kó aṣọ lọ fún wọn: àǹkárá, léèsì, gèlè, kí wọ́n máa ká a, kí wọ́n máa tò ó.

Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tó ṣe iṣẹ́ ọdẹ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan. Bí ilẹ̀ bá ti ta síi, á bẹ̀rẹ̀ sí í mi gbogbo ilẹ̀kùn, títí kan ti àwọn tó ń sùn. Àwọn yẹn á kígbe, òun náà á fara ya. Nígbà tó yá, a fún un ní tọ́ọ̀ṣì, a sì ń bá a rìn yíká. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, á di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, á mì ín lẹ́ẹ̀mejì, á ní ìyẹn ti wà ní títì. Tó bá dé ti ọgbà, bákan náà. Tó bá dé ti iwájú, á dá tọ́ọ̀ṣì padà fún mi, á ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo máa ń kọ ọ́ lójú rẹ̀. Á yẹ ohun tí mo kọ wò, á sì lọ sùn.

Bàbá Ìbẹta, Birmingham

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Owó gọbọi la ń san fáwọn ilé wọ̀nyí. Kí ló dé tí wọn kò lè ti yàrá màmá láti ìta lálẹ́, kí wọ́n ṣí i bí ilẹ̀ bá mọ́? Ìyá kejì á rójú sùn, màmá náà á sùn. Ó sàn kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé ju kí mọ́tò gbá wọn lọ.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú, London

Bàbá Ìbẹta, rárá o. Tí iná bá sọ lóru ńkọ́? Tí wọ́n bá ṣubú lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọn kò lè ṣí ńkọ́? Òfin náà kò sì gbà á bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ Mental Capacity Act 2005 ní England àti Wales, tí ilé ìtọ́jú bá ń ṣọ́ èèyàn tọ̀sán-tòru, tí kò sì lómìnira àtijáde, tí làákàyè rẹ̀ kò sì gbé e láti gbà tàbí kọ̀, kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. DoLS (Deprivation of Liberty Safeguards) là ń pè é. Ilé náà lè fún ara rẹ̀ láṣẹ pàjáwìrì fún ọjọ́ 7 kí kánsù tó yẹ ọ̀rọ̀ wò. Èyí tí kánsù bá wá fọwọ́ sí kò lè kọjá oṣù 12. Scotland ní òfin tirẹ̀. Ilẹ̀kùn iwájú tí à ń tẹ nọ́ńbà kó tó ṣí wà lábẹ́ àṣẹ yìí. Ọ̀tọ̀ pátápátá ni kí a ti èèyàn mọ́ yàrá.

Ọmọ Aláṣọ, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé DoLS màmá hàn yín. Kánsù lè kọ àdéhùn sínú rẹ̀, bíi pé kí wọ́n máa mú wọn jáde sí ọgbà lójoojúmọ́. Ẹ sì lè bẹ̀ wọ́n pé kí ẹ̀yin jẹ́ aṣojú màmá nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ oògùn, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ara wọn wò. Ṣé díẹ̀díẹ̀ ni ìrìnkèrindò yìí ń pọ̀ sí i, àbí láàárín ọjọ́ mélòó kan ló yí padà? Tó bá jẹ́ lójijì ni, ó lè jẹ́ kòkòrò inú ìtọ̀, àìlèyàgbẹ́, ìrora, àìmumi tó, tàbí oògùn tuntun ló da orí wọn rú. Àgbàlagbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, tí kò rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn ni yóò máa ṣí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó gbé wọn dé yàrá ìyá yẹn nìyẹn.

Oògùn amárarọlẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń lò ni risperidone. Ohun tí ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà láàyè fún ẹni tó ní Alzheimer's ni ìjà tí kò dáwọ́ dúró, tí ó lè pa òun tàbí ẹlòmíràn lára, lẹ́yìn tí a bá ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn tì. Kò sì gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ. Ó máa ń mú kí ewu rọpárọsẹ̀ àti ikú pọ̀ sí i. Kò wà fún ẹni tó kàn ń rìn kiri. Tí dókítà bá fi ọwọ́ sí i, ẹ bi í pé: kí ni oògùn yìí fẹ́ dáwọ́ rẹ̀ dúró, ọjọ́ wo la ó sì tún un yẹ̀ wò? Ẹni tó bá ní irú àìsàn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Lewy body gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí oògùn bíi haloperidol lè dá wọn gbé sánlẹ̀ pátápátá.

Ọmọ Aláṣọ, Kent

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yìí jọ mí lójú, torí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn àti ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọ̀ funfun kan náà ni.

Ohun méjì ló kù. Nírọ̀lẹ́, wọn kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, Yorùbá nìkan ni, àwọn òṣìṣẹ́ á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ńṣe ni wọ́n ń pariwo. Wọ́n tún máa ń béèrè bàbá wa. Bàbá ti di olóògbé tipẹ́. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ṣe sọ fún wọn pé bàbá ti kú ni wọ́n ń sunkún ọ̀tun. Kí ni kí n sọ fún àwọn òṣìṣẹ́?

Àbẹ̀kẹ́, Peckham

Ẹni tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lágbà, Gẹ̀ẹ́sì náà ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ sí páálí fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ìyá ọkọ mi, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìlẹ̀kùn wọ́dúróòbù: omi, ìtọ̀, ó ń dùn mí, òtútù ń mú mi, ẹ jókòó, ẹ rọra. Mo tún ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí fóònù kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Orúkọ àbísọ ni wọ́n ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀, ìyá ọkọ mi kì í sì í dáhùn. Ta ni ọmọ kékeré tó ń la orúkọ mọ́ wọn lórí? Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Màmá, tí wọ́n ń tẹ orúnkún díẹ̀, ni ìyá ọkọ mi gbà kí wọ́n máa fà wọ́n lọ́wọ́ kúrò níbi ilẹ̀kùn.

Alzheimer's Society ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní "This is me", ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀: ọjà Dùgbẹ̀, aago tí wọ́n ń pa ìsọ̀ dé, orúkọ àwọn ọmọ, oúnjẹ tí wọ́n kórìíra, bóyá wọ́n ń ṣe àlùwàlá tàbí wọ́n ń kọ orin ìjọ kí wọ́n tó sùn. Òṣìṣẹ́ tuntun tí kò mọ̀ pé wọ́n ta aṣọ rí, báwo ló ṣe fẹ́ lóye ìdí tí wọ́n fi ń gbé báàgì?

Ti bàbá: kí wọ́n má sọ ọ́ mọ́. Kí wọ́n ní bàbá ti rìnrìn-àjò, wọ́n ń bọ̀.

Alàgbà Ṣ., Manchester

Mi ò fara mọ́ èyí, arábìnrin. Irọ́ ni irọ́ ń jẹ́. Ìyá tó tọ́ wa pé ká má purọ́, ṣé òun la ó wá máa purọ́ fún lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀? Bí wọ́n bá mọ̀ lọ́jọ́ kan tí orí wọn pé, wọn kò ní gbà wá gbọ́ mọ́.

Alẹ́mọ́jú, Leeds

Alàgbà, mo gbọ́ yín. Àmọ́ kí a máa túfọ̀ ikú ọkọ fún opó lójoojúmọ́, ìyà nìyẹn náà. Èmi kì í sọ pé ó ti kú, n kì í sì í sọ pé ó ń bọ̀. Mo máa ń ní, "Ẹ̀ ń ronú bàbá. Irú èèyàn wo ni wọ́n?" Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, a ó máa rìn lọ síbi tí tíì wà. Wọn kì í sábà padà sí ìbéèrè yẹn.

Alàgbà Ṣ., Manchester

Ìyẹn ni mo lè fara mọ́. Ti "wọ́n ń bọ̀" yẹn ni n kò gbà, n kò sì ní gbà.

Ará Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ gbé màmá wá sílé. Ilé ìtọ́jú kì í ṣe àṣà wa. Níbí, ẹ̀gbọ́n á wà, àbúrò á wà, ọmọ ọmọ á wà. Ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n rìn dé títì?

Títí, Mókọ́lá

Ará Bódìjà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Inú agbo ilé wa ni bàbá mi ti ṣàìsàn yìí. Àwọn ọmọ ọmọ wà níléèwé, àwọn àgbà wà níbi iṣẹ́. Kànga tí kò ní ìdérí, gọ́tà tó ṣí sílẹ̀, sítóòfù kẹrosíìnì, gẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn ló di ewu. Bí wọ́n bá jáde, àwọn tó mọ̀ wọ́n á mú wọn wá, lóòótọ́. Àwọn tí kò mọ̀ wọ́n ńkọ́? Àbúrò ìyá mi obìnrin ṣìnà dé àdúgbò kejì, wọ́n ní àjẹ́ ni, wọ́n fẹ́ lù wọ́n. Ọlọ́run ló yọ wọ́n.

Àwọn ilé àgbà wà ní Nàìjíríà náà, bíi Regina Mundi tí ìjọ Kátólíìkì ń bójú tó ní Mushin, wọn ò kàn pọ̀ ni. Èyí tí àbúrò ìyá mi wà báyìí, wọ́n ti fi páànù de kànga pa, wọ́n kó gáàsì sí ẹ̀yìn ilé tí a ń tì. Ẹni tó jókòó ní géètì mọ ojú gbogbo wọn, ìyá oníbúrẹ́dì òdìkejì títì náà mọ̀ wọ́n, ó sì ní nọ́ńbà ilé náà. Ọgbọ́n yìí wúlò ní Kent pẹ̀lú: ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí ibùdókọ̀ yẹn, ẹ ní kí mánẹ́jà lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Àti pé kíkó ẹni tó ní àìsàn yìí láti ibì kan dé ibòmíràn, ó máa ń dá kún ìdàrúdàpọ̀ wọn. Ẹ má kánjú.

Gbẹ́nàgbẹ́nà, Milton Keynes

Iṣẹ́ àtúnṣe ni mò ń ṣe láwọn ilé wọ̀nyí. Ohun tí ẹ sọ nípa ilẹ̀kùn funfun ni mo fẹ́ mú. Kí wọ́n kun ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní àwọ̀ kan ṣoṣo tó yàtọ̀, kí ìjókòó inú rẹ̀ jẹ́ pupa tàbí búlúù kó má bàa bá funfun pòrúúrú, kí iná ibẹ̀ má kú lóru. Lẹ́nu ilẹ̀kùn màmá fúnra wọn, ẹ fi fọ́tò wọn sí. Ẹ má fi ti ìsinsìnyí sí o. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ojú arúgbó tó wà nínú fọ́tò mọ́. Èyí tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n wà lọ́jà, pẹ̀lú gèlè, ni kí ẹ fi síbẹ̀. Àti ilẹ̀kùn ìyá kejì, kí ohun tirẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Àwọn ilé kan máa ń tẹ́ mátì dúdú síwájú ilẹ̀kùn àbájáde torí pé ojú aláìsàn lè rí i bíi kòtò, kò sì ní lè kọjá. N kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ẹ̀rù ni wọ́n fi ń dá èèyàn dúró, wọ́n sì lè ṣubú níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti fò ó. Ilẹ̀ tó ń dán náà, omi ni wọ́n ń rò pé ó jẹ́.

Ẹ fojú yẹ wíńdò wò: kò yẹ kó ṣí ju mílímítà 100 lọ. Omi balùwẹ̀ kò yẹ kó gbóná ju 44°C. Kọ́bọ́ọ̀dù ọṣẹ àti oògùn ìfọlé gbọ́dọ̀ wà ní títì, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n fi ń fọ eyín àtọwọ́dá àti ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń mú omi ki fún ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. NHS England ṣèkìlọ̀ lórí ìyẹ̀fun yẹn ní 2015 lẹ́yìn tí ẹnì kan gbé e mì tó sì kú. Nínú ilé tí gbogbo èèyàn ti ń wọ yàrá ara wọn, ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀ fún màmá, ẹlòmíràn lè jẹ ẹ́.

Ilẹ̀kùn oní-nọ́ńbà náà máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí aago ìkìlọ̀ iná tó ń jó bá dún. Ẹ béèrè ta ni yóò dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú, London

Ẹ ṣeun tí ẹ mẹ́nu ba oúnjẹ. Ẹ̀yin tó ń gbé mọ́ínmọ́ín àti àkàrà lọ fáwọn òbí yín, kò burú, ó ń mú wọn jókòó. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá gbígbé mì wọn ṣì dára. Ẹ má sì fi í pamọ́ sí dúrọ́ọ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi jẹ ẹ́ tán, kí ẹ gbé abọ́ lọ.

Bàbá Ìbẹta, Birmingham

Mo ti gbọ́ ti yàrá títì. Nígbà tí bàbá mi ń ṣe bẹ́ẹ̀, a ra ẹ̀rọ GPS kékeré, tó ń fi ibi tí wọ́n wà hàn, sínú bàtà wọn. Ó ràn wá lọ́wọ́, ìgbà méjì la fi rí wọn kíákíá. Ẹ má kàn gbàgbé láti máa ṣáàjì rẹ̀.

Alẹ́mọ́jú, Leeds

Sílípáàsì ni màmá wọ̀ jáde, Bàbá Ìbẹta. Nílé ìtọ́jú, bàtà a máa ti yàrá kan dé òmíràn. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ so ó mọ́ báàgì yẹn, torí wọn kì í jáde láìgbé e. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìtọ́jú wọn pẹ̀lú, torí ṣíṣọ́ èèyàn ni.

Ẹ tún kọ fọ́ọ̀mù Herbert Protocol, èyí tí ọlọ́pàá máa ń lò bí ẹni tó ní àìsàn yìí bá sọnù. Ọlọ́pàá Norfolk ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ti tàn ká. Orúkọ George Herbert ni wọ́n fi sọ ọ́, ọmọ ogun tó jà ní Normandy, tó ní àìsàn ìgbàgbé lọ́jọ́ ogbó rẹ̀. Fọ́tò tuntun, ibi tí wọ́n ti gbé rí, ọ̀nà tí wọ́n sábà ń tọ̀, oògùn wọn, gbogbo rẹ̀ á ti wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá sọnù, kí òṣìṣẹ́ pe 999 lójú ẹsẹ̀. Kò sí pé à ń dúró dọ̀la.

Ọmọlúàbí, Croydon

Social worker ni mí. Ẹ̀yin tó ń sọ ti irin àti oògùn, ẹ ti sọ ọ́ dáadáa. Ti ìṣubú yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ìyá tó ti màmá ṣubú náà ń ṣàìsàn, ilẹ̀ ṣú, àjèjì sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò jẹ̀bi. Ilé ló gbọ́dọ̀ dáàbò bo àwọn méjèèjì. Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n kọ nípa alẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti sọ fún ẹ̀ka safeguarding ní kánsù, àwọn tó ń dáàbò bo àgbàlagbà tí kò lè dáàbò bo ara rẹ̀. Tí wọn kò bá tíì sọ, ẹ̀yin fúnra yín lè pè wọ́n. CQC, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn ilé ìtọ́jú ní England, á fẹ́ gbọ́, àmọ́ wọn kì í yanjú ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ẹ̀hónú sí ilé náà àti sí kánsù, tí kò bá yanjú, ó kan Local Government and Social Care Ombudsman, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí kánsù àti ilé ìtọ́jú.

Kí ẹ tó gbà pé kí màmá kó lọ, ẹ ní kí wọ́n tún àìní wọn yẹ̀ wò, kí wọ́n sì wá ẹni tí yóò wà pẹ̀lú wọn láàárín aago mẹ́ta sí méje. Wákàtí yẹn ni ìṣòro wà, kì í ṣe odidi ọjọ́.

Ọmọ Aláṣọ, Kent

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo ti kó aṣọ jọ sínú àpò, mo sì ti rí fọ́tò kan tí wọ́n yà nídìí ìsọ̀. Ní ìpàdé, màá kọ irin, màá ní kí dókítà yẹ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ oògùn. Ẹ̀rù kan ló ń bà mí: màmá kò fọwọ́ sí ìwé kankan tó fún mi láṣẹ nígbà tí orí wọn ṣì pé. Ṣé wọ́n á gbọ́ mi?

Ọmọlúàbí, Croydon

Wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ yín. Ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Lasting Power of Attorney fún ìlera ló lè pinnu dípò wọn, ó sì ti pẹ́ jù láti ṣe é báyìí tí làákàyè wọn kò bá gbé e mọ́. Àmọ́ òfin 2005 yẹn ní kí ẹni tó bá fẹ́ pinnu fún wọn fọ̀rọ̀ lọ àwọn tó ń tọ́jú wọn àtàwọn tó bìkítà fún ìlera wọn, kó sì wo ohun tí àwọn fúnra wọn ì bá fẹ́. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹ mú ẹnì kan dání tí yóò máa ṣàkọsílẹ̀. Kí ẹ tó dìde, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n á tún jókòó, àti orúkọ òṣìṣẹ́ tí yóò máa kó aṣọ yẹn fún màmá ní aago mẹ́ta ààbọ̀.